Èwo nínú iṣẹ́ ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ló yẹ ẹni tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan?

Ẹni tó ti ti ìlẹ̀kùn tán tó tún padà lọ mì í wò, tó ń ka ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì, tí oorun ò sì ní kùn ún bí síkírúù kan bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tó tún fáànù tò tán: wọ́n lè máa pè é ní oníyọnu nílé, àmọ́ nídìí ọkọ̀ ńlá àti ẹ̀rọ, òun gan-an ni wọ́n ń wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé oríṣiríṣi ni àkíyèsí. Ẹni tó lè wọn irin dé ìdá ọgọ́rùn-ún mílímítà lè máa tòògbé bó bá jókòó wo ojú irin fún wákàtí méjì. Ẹni tó mọ gbogbo ohun tó yẹ ní yíyẹ̀wò kí ọkọ̀ tó gbéra lè má fẹ́ràn ìṣirò rárá. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí nínú iṣẹ́ mẹ́fà tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ìgbà tí ojú yín máa ń mú jù: ṣé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni, àbí lẹ́nu iṣẹ́, àbí nígbà tí ẹ bá ń wọn ohun tí ẹ ti ṣe?

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Yàtọ̀ sí irú àkíyèsí yẹn, a ó wo iye owó àti ọdún tí wíwọlé ń gbà, àti ẹni tó ń san án. A ó wo ẹni tí gbèsè àṣìṣe ń já lé lórí, pàápàá bóyá àṣìṣe ẹlòmíì lè ba tiyín jẹ́. A ó wo bóyá iṣẹ́ náà ń wà yípo ọdún, ká sì tún wo ohun tó ń fi ara ṣe. Owó oṣù ń yàtọ̀ láti ọgbà kan sí èkejì, nítorí náà ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé la ó máa sọ. Ẹ kàn fi sọ́kàn pé láti oṣù keje ọdún 2024, 70,000 náírà lóṣù ni òfin sọ pé iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 25 sókè kò gbọdọ̀ san kéré sí.

Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì ńkọ́? Lẹ́tà tó wà lára láísẹ́ǹsì àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ìtumọ̀. G ni ti tírélà, èyí tí orí rẹ̀ ṣeé já kúrò lára. H ni ti katapílà àti àwọn ẹ̀rọ tí ń wa ilẹ̀. F ni ti katakata oko. Lẹ́tà E kò dé orí tírélà. Ẹni tó ń fi E wa tírélà ń tan ara rẹ̀ jẹ, torí lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, lẹ́tà yẹn wà lára ohun tí iléeṣẹ́ adójútòfò máa kọ́kọ́ wò.

Tánkà epo

Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí wà. Tánkà tó ru 33,000 lítà pẹtiróòlù gbé nǹkan bí 24 tọ́ọ̀nù, ẹrù tó ń ṣàn sì ni. Inú rẹ̀ pín sí yàrá yàrá; yàrá kọ̀ọ̀kan ní ìdérí lókè àti fáàfù nísàlẹ̀. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ á fọwọ́ kan fáàfù kọ̀ọ̀kan pé ó ti tì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ epo. Á so wáyà ilẹ̀ mọ́ ara tánkà, torí epo tó ń ṣàn nínú họ́ọ̀sì ń dá iná mànàmáná sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìtapàrà kékeré kan sì ti tó. Á kọ nọ́ńbà èdìdì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé tara rẹ̀, kò ní gbára lé ìwé dẹ́pò nìkan.

Ọ̀rọ̀ ooru ló ń jẹ owó awakọ̀ jù. Pẹtiróòlù máa ń wú bí ooru bá mú un, ó sì máa ń sunkì bó bá tutù: nǹkan bíi lítà kan nínú 1,000 fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rọ 33,000 lítà ní ọ̀sán tí epo wà ní dígírì 34, tí ẹ wá ń já a ní ìdájí tó ti sọ̀ sí 24, ọ̀pá ìwọ̀n yóò fi ohun tó lé ní 300 lítà hàn pé ó dín. Kò sẹ́ni tó jí i. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí kò kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀ ní dẹ́pò, tí kò sì ní kí wọ́n tún un wọ̀n níbi tí wọ́n ti ń já a, kò ní ẹnu tí yóò fi ṣàlàyé, wọ́n á sì yọ ọ́ nínú owó rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló ń ti bíréèkì ọkọ̀ yìí. Ní àràárọ̀, ẹ tú omi inú sìlíńdà afẹ́fẹ́ dànù, ẹ jẹ́ kí géèjì gòkè dé 100 sí 120 psi (ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń ti tó), ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ wá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí géèjì bá fi ju 4 psi lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan, ọkọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ jáde. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, jíà tó kéré ni kó dá ọkọ̀ dúró. Ẹni tó bá fi jíà gíga sọ̀, tó wá ń tẹ bíréèkì ní àtẹ̀túntẹ̀, ooru á mú irin rẹ̀ títí kò fi ní gbá nǹkan kan mú mọ́. Lórí afárá Otedola l'Ékòó, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, tánkà kan tí bíréèkì rẹ̀ kọ̀ ló ṣubú tó sì gbiná. Ọkọ̀ tó jóná lé ní 50. Ẹ kíyè sí yàrá tí epo inú rẹ̀ kò kún pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ ìdajì ló wà níbẹ̀, epo á máa rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní kọ́nà, á sì fa ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba ti ní kí dẹ́pò má ṣe rọ epo fún tánkà tó ń gbà ju 60,000 lítà lọ mọ́.

Owó àtiwọlé kò pọ̀, àmọ́ ọdún ni ẹ ó fi san án: ọ̀pọ̀ ló ṣe ọmọ ọkọ̀ fún ọdún bíi mẹ́ta kí ọ̀gá tó fún wọn ní ọwọ́ ọkọ̀. Iye ìrìn àjò ni wọ́n ń san owó lé lórí, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ bá fi tò sórí ìlà ní Apápá tàbí ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí kò wọ inú owó. Ohun tó mú mi ṣọ́ra fún iṣẹ́ yìí ni pé àkíyèsí yín kò lè dá àìbìkítà ẹlòmíì dúró. Ẹlòmíì lè gbá yín látẹ̀yìn. Bí tánkà bá sì ṣubú, àwọn èèyàn á gbé kẹ́ẹ̀gì dé kí panápaná tó dé. Ní Majiya ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹni tó lé ní 150 ló kú bẹ́ẹ̀.

Fọ́kílíìfù

Ẹ̀rọ tó ń fi ìka irin méjì gbé ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí ni fọ́kílíìfù. Ìlẹ̀kùn tó rọrùn jù láti gbà wọlé nìyí. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ẹ̀kọ́ rẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ kan ní Àgbárá, Ọ̀tà àti Ìkẹjà sì máa ń fi owó ara wọn kọ́ ẹni tó ti ń gbé ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí wọn.

Ẹ̀tàn ibẹ̀ ni pé ó jọ mọ́tò. Táyà ẹ̀yìn ló ń yà, nítorí náà ìdí rẹ̀ ló ń gbá èèyàn. Ẹ lọ ka àwo irin kékeré tó wà níwájú àga awakọ̀. Bó bá kọ 3 tọ́ọ̀nù ní 500 mílímítà, ohun tó ń sọ ni pé àárín gbùngbùn ẹrù kò gbọdọ̀ jìnnà ju 500 mílímítà lọ sí ìdí ìka rẹ̀. Bí páálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pẹpẹ tí wọ́n ń to ẹrù lé, bá gùn, tí àárín ẹrù fi wà ní 600, agbára rẹ̀ á sọ̀ sí nǹkan bí 2.7 tọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà kò yí padà. Ẹ máa fi ìka náà rìn ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sí ilẹ̀, ẹ dá òpó rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹrù ni kó máa kọjú sí òkè, ìbáà jẹ́ gígùn tàbí sísọ̀.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ nídìí ìtọ́jú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìka tó ti jẹ: níbi igun rẹ̀ tó kan ilẹ̀, bí 50 mílímítà bá ti di 45, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá ló lọ, agbára tó sì bá a lọ tó ìdá kan nínú márùn-ún. Wọn kì í jó o pọ̀, pípààrọ̀ ni. Èkejì ni omi bátìrì. Lẹ́yìn tí iná bá wọ bátìrì tán ni wọ́n ń bu omi sí i. Ẹni tó bá bù ú kún ṣáájú yóò rí i tí ásíìdì ń tú jáde, nítorí omi inú rẹ̀ máa ń wú bí iná bá ń wọlé.

Àṣìṣe níbí kì í sábà kọjá ẹrù tó fọ́, iléeṣẹ́ ló sì ń gbé e, àfi bó bá kan ẹsẹ̀ èèyàn. Iṣẹ́ náà wà yípo ọdún. Ohun tó lè sú aláàkíyèsí ni pé ìyára ni ọ̀gá ń kà: páálẹ́ẹ̀tì mélòó lẹ gbé lónìí? Ẹni tí kò lè fara da kí wọ́n máa lé òun lẹ́yìn kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Kíréènì

Ẹ fẹ́ràn ìṣirò? Ibí ni kí ẹ wò. Kíréènì tí wọ́n kọ 50 tọ́ọ̀nù sí lára, ìdí ara rẹ̀ nìkan ló ti lè gbé 50. Bí ẹrù bá jìnnà sí i ní 20 mítà, ó lè má gbé tó ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà nínú tábìlì tó wà nínú yàrá awakọ̀: bí apá ṣe gùn tó, bí ẹrù ṣe jìnnà tó, ìwúwo tó lè gbé. Ẹ ka ìwúwo ìkọ́ àti okùn mọ́ ẹrù, torí àwọn tó ń gbàgbé ìyẹn ni kíréènì wọn ń dojú dé lórí ẹrù tó yẹ kó gbé.

Ẹ wo okùn pẹ̀lú. Ẹrù tọ́ọ̀nù 10 tí wọ́n fi okùn méjì kọ́: bí okùn bá ṣe igun dígírì 60 pẹ̀lú ẹrù, okùn kọ̀ọ̀kan ń fa 5.8 tọ́ọ̀nù. Bí wọ́n bá fi okùn kúkúrú kọ́ ọ tí igun náà di 30, okùn kọ̀ọ̀kan ń fa tọ́ọ̀nù 10 odindi. Ẹrù kan náà, kíréènì kan náà. Okùn wáyà tó ní fọ́nrán mẹ́fà tó ti já láàárín ibi tó yí po lẹ́ẹ̀kan, tàbí mẹ́ta nínú ìdì kan ṣoṣo, ti parí iṣẹ́. Nílẹ̀ rírọ̀, ẹ na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ẹ tẹ́ pákó tàbí irin sábẹ́ wọn. Gbé ẹrù sókè díẹ̀, dúró, wò ó, kó o tó lọ: ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní nìyẹn, òun náà ló ń gba ọ̀gá là.

Ní èbúté Apápá, Tincan àti èbúté Lẹ́kìí tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, kọ̀ǹténà ni ẹrù. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní ìdè tó gbọ́dọ̀ wọlé kí iná tó fi hàn pé ó ti dè. Bí kọ̀ǹténà bá ṣì so mọ́ tírélà ní igun kan, tí awakọ̀ kíréènì kò sì dúró wò, yóò gbé tírélà náà mọ́ ọn pẹ̀lú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fọwọ́ júwe fún yín, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní "dúró", ẹ dúró.

Àtiwọlé rẹ̀ wọ́n díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí sísokùn mọ́ ẹrù, wọ́n á wá gba ìwé ẹ̀rí tí àwọn iléeṣẹ́ epo àti ti èbúté ń béèrè, owó ara wọn ni wọ́n sì máa ń san án lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwé ẹ̀rí náà ní ọjọ́ tó ń kú, ẹ ó tún un gbà. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, adójútòfò lè san owó ẹrù, ṣùgbọ́n orúkọ yín ti bàjẹ́ lójú gbogbo ọgbà. Ẹni tí òkè ń bà lẹ́rù kó má dán an wò.

Katapílà awalẹ̀

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, torí àkíyèsí tó ń fẹ́ kò sí nínú ìwé. Ọwọ́ àti etí ló ń mọ̀ ọ́n: bí garawa ṣe ń gbọ̀n bó bá kan òkúta, bí ohùn páńpù ṣe ń yí padà bí ọ́ìlì rẹ̀ bá ń tán. Gíríìsì ní gbogbo oríkèé láràárọ̀, họ́ọ̀sì tó ń laágùn, ṣéènì ẹsẹ̀ tó dẹ̀ jù tàbí tó le jù, ìyẹn ni àyẹ̀wò. Ẹ gbójú sókè kí ẹ tó na apá: wáyà iná mànàmáná 11 kV àti 33 kV ló kún àdúgbò wa, ẹ sì fi ó kéré tán mítà mẹ́ta jìnnà sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò tó jìn ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ tí ògiri rẹ̀ kò ní ohun tó gbé e ró.

Wákàtí ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà háyà, nítorí náà òjò ń dá owó dúró. Ẹ̀sùn dísẹ́ẹ̀lì jíjí kò sì jìnnà sí awakọ̀ katapílà rí. Ẹni tó bá ń kọ lítà tó rọ àti wákàtí tó wà lójú aago ẹ̀rọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀.

Réluwé

Ìlà Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹfà ọdún 2021. Ìlà Búlúù tó ń lo iná mànàmáná láti Marina dé Mile 2 bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Ìlà Pupa láti Agbado dé Òyìngbò sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Kò sí bí èèyàn ṣe lè lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní àdúgbò; iléeṣẹ́ ló ń yan ẹni tí yóò kọ́, òun náà ló ń san owó ẹ̀kọ́. Àyè kò pọ̀, àmọ́ ẹni tó bá wọlé, owó oṣù rẹ̀ kì í dá lórí òjò tàbí ìlà.

Àkíyèsí ibí ni ti ẹni tí òfin kì í sú. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan lè rìn ju 500 mítà lọ kó tó dúró, nítorí náà ohun tí ojú bá rí tán, ó ti pẹ́. Iná àmì ọ̀nà ló yẹ kó ti sọ fún awakọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun kan sì wà nínú yàrá awakọ̀ tó gbọ́dọ̀ máa dáhùn sí, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ á fúnra rẹ̀ dúró. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa ń rìn kò ní gbádùn rẹ̀.

Ẹ̀rọ léèdì àti CNC

Léèdì ni ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e dé ìwọ̀n; CNC ni irú rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, níbí ni àkíyèsí ti ń di owó láìsí pé àìbìkítà ẹlòmíì bà á jẹ́, ohun tó jẹ́ kí n fi í ṣíwájú nìyẹn. Ẹ gbé ọ̀pá irin tí bíárìn 30 mílímítà (òrùka irin tó ń jẹ́ kí ọ̀pá lè máa yí) máa wọ̀ yẹ̀ wò. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń fún un wà láàárín 30.002 àti 30.015 mílímítà. Bó bá kéré sí 30, bíárìn á máa yí lórí ọ̀pá, á sì jẹ ẹ́. Bó bá ju 30.015 lọ, àyè inú bíárìn á fún, á gbóná, á kú. Gbogbo àyè tí ẹ ní láti ṣe àṣìṣe kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin irun orí. Fẹ́níà, ohun ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ nídìí irin, kò lè rí i; máíkírómítà, èyí tó ń wọn ohun tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni.

Ooru tún dé. Irin tó gùn ní 100 mílímítà, tó bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ ní dígírì 20, á fi nǹkan bí 0.023 mílímítà gùn sí i. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n bó ṣe ń jáde lábẹ́ ọ̀bẹ yóò rí i pé ó pé, ní ọ̀la ó ti kéré. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ìyára ẹ̀rọ náà ní ìṣirò: fún irin rírọ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lásán tí kì í ṣe kábáìdì, ẹ pín 30,000 sí ìlọ́po 3.14 àti ìbú irin ní mílímítà. Irin 25 á fún yín ní nǹkan bí 380 yíyí ní ìṣẹ́jú kan. Bí irin bá yọ jáde ju ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìbú rẹ̀ lọ, ẹ fi ìdí ẹ̀rọ gbé orí rẹ̀ kejì ró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tẹ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀bẹ, ẹnu rẹ̀ á sì tóbi ju ìdí lọ. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ níwájú ohun tó ń yí.

CNC gba àṣẹ láti inú kọ̀ǹpútà, àmọ́ kò dín àkíyèsí kù. Lórí àwọn ẹ̀rọ kan, ẹni tó kọ X2 láìfi àmì ìdá sí i, ohun tí ẹ̀rọ kà ni 0.002 mílímítà, kì í ṣe 2. Ọ̀bẹ tí wọ́n pààrọ̀ láìtún ìwọ̀n gígùn rẹ̀ kọ ló ń ya lu irin. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ fi ọ̀bẹ sókè nínú afẹ́fẹ́, kí ẹ jẹ́ kó ṣe àṣẹ náà ní ìlà kan ìlà kan, kí ẹ wọn ẹyọ àkọ́kọ́ tán pátápátá kí ẹ tó ṣe igba. Bí iná bá já láàárín iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó tún wá ilé rẹ̀, ìyẹn ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwọ̀n, kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Ọdún méjì sí mẹ́ta ni kíkọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tàbí ní ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́ àti pólì. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba àpapọ̀ láti ipele kẹta lọ sí èkíní. Ẹ ra máíkírómítà tiyín, ẹ má yá a. Ọ̀pá kan tó bàjẹ́ ń ná yín ní irin àti wákàtí, kì í ná ẹ̀mí. Bí owó dọ́là bá sì ṣe ń mú kí ẹ̀yà òkèèrè wọ́n tó, bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ ń ní kí wọ́n bá àwọn gé tiwọn nílé.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tó fẹ́ràn nọ́ńbà, tí ìdákẹ́jẹ́ kì í sú, tó sì lè fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́: léèdì, lẹ́yìn náà CNC. Ẹni tó fẹ́ràn nọ́ńbà ṣùgbọ́n tó fẹ́ ìta àti owó ńlá ní kíákíá ju bẹ́ẹ̀ lọ: kíréènì, bó bá lè san owó ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí kò ní owó, tó nílò iṣẹ́ lóṣù yìí: fọ́kílíìfù, kó sì fi àyè ibẹ̀ mọ àwọn tó ń wa kíréènì. Ẹni tó ń tẹ̀ lé òfin bí ẹní ń gbàdúrà: réluwé, àmọ́ kó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ nígbà tó bá ń dúró de ìpè. Katapílà yẹ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ́n ju kálámù rẹ̀ lọ. Tánkà yẹ ẹni tó lè sọ "rárá" fún olówó ọkọ̀ nígbà tí bíréèkì bá ń jò, kí ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ojú ń tì, kó yáa wá ibòmíì.

Ohun kan tó yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ lọ yẹ ojú yín wò. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò lè fi ìyàtọ̀ sí àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé kò ní lè ka iná àmì ojú irin, kò sì yẹ kó jẹ́ òun ni yóò máa ka iná ìdè kọ̀ǹténà. Ẹ̀rọ léèdì kò bìkítà àwọ̀ tí ẹ rí. Ìlà tó wà lára máíkírómítà ni kí ẹ ṣáà lè kà dáadáa.